Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Ti Ń Dúró: Wíwá Ìdí Tí Kíkọ Fáìlì Fi Ń Falẹ̀ Lórí Ètò Fáìlì Alájọpín

Ètò fáìlì alájọpín ni ètò tí ó ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lo fáìlì kan náà láti orí nẹ́tíwọ̀kì, bí ẹni pé inú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan gan-an ni fáìlì náà wà. Òṣìṣẹ́ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò rí fódà kan lásán. Kò ní mọ̀ bóyá sáfà kan ni ó wà lẹ́yìn fódà náà tàbí mẹ́ta tàbí ọgọ́rùn-ún. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀: bí díìsìkì kan bá bàjẹ́, ẹ̀dà wà níbòmíràn, bí àyè bá kún, a ó fi sáfà mìíràn kún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn kan máa ń tẹ̀lé ètò yìí káàkiri, pé kíka fáìlì yá, kíkọ rẹ̀ ni ó ń falẹ̀. Díìsìkì tí ó ń gba 150 mẹ́gábáìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nígbà tí ó dá wà lè di èyí tí kò gbà ju 4 lọ nígbà tí ó bá wọ inú ètò alájọpín.

Bí irú ẹ̀sùn yìí bá dé, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń rò ni pé okùn nẹ́tíwọ̀kì kò nípọn tó tàbí pé sáfà ti darúgbó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀ràn wà. Ohun tí ó ń jẹ àkókò jù nínú kíkọ fáìlì kì í sábà jẹ́ gbígbé dátà láti ibì kan dé ibì kejì. Dídúró de ìdáhùn ni. Ìdúró kọ̀ọ̀kan sì ní ìlérí tí ó ń ṣọ́. Ẹni tí yóò tún irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe ní láti mọ ibi tí ìdúró wà, kí ó sì mọ ìlérí tí ìdúró náà ń ṣọ́, kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ìyàtọ̀ tó wà láàrin kíkà àti kíkọ

Ẹni tó fẹ́ ka fáìlì lè rí i kà láti inú ẹ̀dà yòówù tó bá sún mọ́ ọn. Bí ó bá ti ka fáìlì náà láìpẹ́, inú mẹ́mórì kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ni yóò ti rí i, ìbéèrè púpọ̀ kò sì ní jáde sí nẹ́tíwọ̀kì rárá. Kernel, ìyẹn ọkàn ètò Linux, tilẹ̀ máa ń ṣáájú òǹkàwé: bí ó bá kíyè sí i pé a ń ka fáìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ sí òpin, yóò ti lọ gbé apá tó kàn wá kí a tó bèèrè rẹ̀.

Kíkọ kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà kan kò tó. Gbogbo ẹ̀dà ni ọ̀rọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ dé. Bí ẹni méjì bá fẹ́ kọ nǹkan sí ojú kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ kí èkejì sì dúró. Bí iná bá lọ lẹ́yìn tí ètò ti sọ pé iṣẹ́ parí, ohun tí a kọ gbọ́dọ̀ ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí iná bá padà dé. Ìlérí mẹ́ta nìyẹn: kí ẹ̀dà bára mu, kí ọwọ́ méjì má kọlu ara wọn, kí ohun tí a kọ má sọnù. Àkókò ni a fi ń san owó gbogbo wọn.

Ìrìn-àjò tí ọ̀rọ̀ kan ń rìn

Nígbà tí áàpù kan bá ní kí a kọ ohun kan sínú fáìlì, kernel a kọ́kọ́ gbà á sínú mẹ́mórì, a sì dá áàpù náà lóhùn pé ó ti gbọ́. Iṣẹ́ kò tíì parí. Lára ohun tó lè mú kí kernel kó dátà náà sọ́nà nìwọ̀nyí: kí ó pọ̀ jù nínú mẹ́mórì, kí áàpù fi àṣẹ fsync sọ pé òun kò ní kúrò níbẹ̀ àfi bí gbogbo rẹ̀ bá dé ibi ààbò, tàbí, lórí NFS, ọ̀kan lára àwọn ètò fáìlì alájọpín, kí áàpù ti fáìlì náà pa. Láti ibẹ̀ ni dátà á ti gba káàdì nẹ́tíwọ̀kì kọjá sínú okùn, á gba inú switch, á dé ọ̀dọ̀ sáfà. Sáfà á fà á lé ètò fáìlì tirẹ̀ lọ́wọ́, ètò fáìlì á kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí ó fẹ́ ṣe, díìsìkì á gba dátà, ìdáhùn á sì tún gba gbogbo ọ̀nà yìí padà.

Ipa tí mẹ́mórì ń kó nínú ìrìn-àjò yìí ló fa àdììtú kan tí ó máa ń da àwọn olùtọ́jú sáfà láàmú: kíkọ á kọ́kọ́ yára bí àṣá, lẹ́yìn náà á ṣàdédé dúró gbagidi. Lórí Linux, bí a bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, nígbà tí dátà tí kò tíì dé díìsìkì bá tó ìdá 10 nínú 100 mẹ́mórì tó wà nílẹ̀ ni kernel máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jáde lábẹ́lẹ̀. Bí ó bá tó ìdá 20, a óò fi ipá dá áàpù tó ń kọ̀wé dúró títí àyè yóò fi ṣí. Nítorí náà, ìyára ìbẹ̀rẹ̀ yẹn jẹ́ ti mẹ́mórì, ìfalẹ̀ tó tẹ̀lé e ni ojúlówó ìyára ètò náà.

Ìtàn NFS fi hàn bí ìdúró àti ìlérí ṣe so mọ́ra. Sun Microsystems ló ṣe NFS ní àárín àwọn ọdún 1980. Nínú ẹ̀yà kejì rẹ̀, òfin le: sáfà kò gbọ́dọ̀ dáhùn àfi bí dátà bá ti dé ibi tí iná kò lè pa á run, ìbéèrè kan kò sì gbọ́dọ̀ gbé ju 8 kìlóbáìtì lọ. Ẹ̀rù kékeré, ìdúró gígùn. Kò yani lẹ́nu pé kíkọ rẹ̀ falẹ̀. Ẹ̀yà kẹta tí a tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní ọdún 1995 wá gba sáfà láyè láti gba dátà sínú mẹ́mórì kó sì dáhùn lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà bá ti fi ọ̀pọ̀ ránṣẹ́ ni yóò pa àṣẹ COMMIT lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo rẹ̀ wọ díìsìkì papọ̀. Sáfà tún máa ń fi àmì kan sínú ìdáhùn rẹ̀. Bí ó bá kú tó sì tún jí, àmì náà á yí padà, kọ̀ǹpútà á sì mọ̀ pé òun ní láti tún gbogbo ohun tí a kò tíì fi COMMIT dè fi ránṣẹ́. Wọn kò fọ́ ìlérí náà. Wọ́n tún un tò ni, kí ìdúró kan lè tó fún ọ̀pọ̀ ẹrù.

Ìṣirò alábàárù

Ẹ jẹ́ kí a fi alábàárù tó ń kó gàrí láti inú ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ṣe àpẹẹrẹ. Bí ó bá ń bu kóńgò kan lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì gbọ́dọ̀ padà wá sọ fún ọlọ́jà pé kóńgò náà ti dé kí ó tó bu òmíràn, ilẹ̀ á ṣú bá a. Bí a tilẹ̀ fẹ ọ̀nà náà lójú kí ọkọ̀ mẹ́wàá lè gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kóńgò kan náà ni yóò ṣì máa gbé.

Iye rẹ̀ nìyí. Nẹ́tíwọ̀kì 1 gígábíìtì lè gbé 125 mẹ́gábáìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní àlọ àti àbọ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ tí sáfà ń ṣe gba mílísẹ́kọ́ńdì kan, èyíinì ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Áàpù tó ń kọ 4 kìlóbáìtì lẹ́ẹ̀kan, tó sì ń dúró de ìdáhùn kó tó kọ òmíràn, kò lè kọ ju ìgbà 1,000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mẹ́gábáìtì 4 péré nìyẹn. Gbígbé kìlóbáìtì 4 yẹn lórí okùn kò gbà ju nǹkan bíi 0.03 mílísẹ́kọ́ńdì lọ. Dídúró ló gba ìyókù. Bí a bá wá ná owó ra nẹ́tíwọ̀kì 10 gígábíìtì, 0.03 yẹn nìkan ni yóò dín kù. Ṣùgbọ́n bí áàpù náà bá ń kọ mẹ́gábáìtì kan lẹ́ẹ̀kan, gbígbé rẹ̀ á gba bíi mílísẹ́kọ́ńdì 8, ìdúró á gba 1, ìyára náà á sì gòkè dé nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 110, lórí okùn àtijọ́ kan náà.

Díìsìkì tó ń yípo náà ní ìṣirò tirẹ̀. Èyí tó ń yípo ìgbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan ń lo mílísẹ́kọ́ńdì 8.3 fún ìyípo kan, orí rẹ̀ sì tún gbọ́dọ̀ rìn dé ojú ibi tí a fẹ́ kọ. Bí áàpù bá ń pa àṣẹ fsync lẹ́yìn kíkọ kọ̀ọ̀kan, irú díìsìkì bẹ́ẹ̀ kò ní ṣe ju bí ọgọ́rùn-ún kan lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá. Bí kíkọ kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 4 kìlóbáìtì, gbogbo rẹ̀ kò tó ìdajì mẹ́gábáìtì kan.

Jíjìnnà ni ó le jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí owó kò lè rà á. Nínú okùn gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ ń rìn ní nǹkan bíi 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Okùn abẹ́ òkun MainOne tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2010 gùn tó nǹkan bíi 7,000 kìlómítà láti Èkó dé Pọ́túgà. Àlọ àti àbọ̀ lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò lè dín ní mílísẹ́kọ́ńdì 70, bó ti wù kí ẹ̀rọ tó wà ní ìkángun rẹ̀ dára tó. Ilé-iṣẹ́ tó bá gbé ẹ̀dà kan sí Èkó, tó gbé èkejì sí Yúróòpù, tó sì ní kí kíkọ kọ̀ọ̀kan dúró de àwọn méjèèjì, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba kíkọ 14 ní ìṣẹ́jú-àáyá fún áàpù kọ̀ọ̀kan tó ń kọ ní ìkọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí ẹ̀dà òkè òkun fi yẹ kó jẹ́ èyí tí a ń fi ránṣẹ́ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, lẹ́yìn tí a bá ti dá áàpù lóhùn nílé.

Ọ̀nà àbáyọ méjì ló wà nínú ìṣirò yìí: kí ẹrù kọ̀ọ̀kan tóbi sí i, tàbí kí alábàárù pọ̀ sí i. Lórí NFS, wsize ló ń sọ bí ẹrù kan ṣe lè tóbi tó, Linux sì gbà á láyè dé mẹ́gábáìtì kan. Fún èkejì, láti ìgbà Linux 5.3 tó jáde ní ọdún 2019 ni àṣẹ nconnect ti ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan ṣí ọ̀nà púpọ̀, tó lè tó 16, sí sáfà kan náà.

Ẹ̀dà mẹ́ta lórí okùn kan

Bí àwọn ètò alájọpín ṣe ń pín ẹ̀dà kò dọ́gba, ìyàtọ̀ yìí sì kan ìyára gidigidi. Lórí GlusterFS, kọ̀ǹpútà tó fẹ́ kọ̀wé fúnra rẹ̀ ló ń fi dátà ránṣẹ́ sí gbogbo sáfà tó ní ẹ̀dà. Bí ẹ̀dà bá jẹ́ mẹ́ta, ìgbà mẹ́ta ni dátà kan náà á gba okùn kan náà jáde. Mẹ́gábáìtì 125 tí okùn 1 gígábíìtì lè gbé á wá di bíi 41 péré, kí a tó yọ ìnáwó mìíràn kúrò. Ètò náà sì tún ní láti gba kọ́kọ́rọ́, kó sàmì sí fáìlì pé kíkọ ń lọ lọ́wọ́, kó kọ ọ́, kó pa àmì náà rẹ́, kó dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ó ní ọgbọ́n tí ó fi ń di kọ́kọ́rọ́ mú fún ìgbà díẹ̀ kí kíkọ púpọ̀ lè lò ó, ṣùgbọ́n bí kíkọ bá kéré tó sì fọ́nká sínú ọ̀pọ̀ fáìlì, ọgbọ́n yìí kò ràn án lọ́wọ́ púpọ̀.

Google gba ọ̀nà mìíràn nínú ètò fáìlì tí wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 2003. Nígbà náà, wọ́n ń gé fáìlì sí ègé mẹ́gábáìtì 64, wọ́n sì ń tọ́jú ẹ̀dà mẹ́ta ègé kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà tó ń kọ̀wé á fi dátà ránṣẹ́ sí sáfà tó sún mọ́ ọn jù. Sáfà yẹn, bó ṣe ń gbà á lọ́wọ́ ni yóò máa ta á sí èkejì, èkejì á máa ta á sí ẹ̀kẹta, bí ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bíríkìlà bá tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ tí wọ́n ń ju búlọ́ọ̀kù síra. Kò sí okùn tí dátà gbà jáde lẹ́ẹ̀mẹta. Ètò fáìlì HDFS náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ceph, tó jáde láti inú iṣẹ́ ìwádìí Sage Weil ní Yunifásítì California ní Santa Cruz, tí a sì tẹ àlàyé rẹ̀ ní ọdún 2006, ń fi dátà ránṣẹ́ sí olórí ẹ̀dà kan. Olórí yìí ló ń pín in fún àwọn yòókù, kò sì ní dáhùn àfi bí gbogbo wọn bá ti kọ ọ́ tán. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń gba àwọn tó ń lò ó níyànjú láti ya nẹ́tíwọ̀kì tí àwọn sáfà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí oníbàárà ń gbà wọlé.

Ohun kan ṣọ̀kan nínú gbogbo wọn: ẹ̀dà tó falẹ̀ jù ló ń pinnu ìyára. Nínú sáfà mẹ́ta, bí méjì bá ń dáhùn ní mílísẹ́kọ́ńdì kan, tí ẹ̀kẹta ń dáhùn ní ogójì, ogójì ni ti gbogbo wọn.

Wíwọ̀n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè

Níwọ̀n bí ìrìn-àjò náà ti ní ìpele púpọ̀, ìpele kọ̀ọ̀kan ni a gbọ́dọ̀ wọ̀n lọ́tọ̀, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá wọn òkè nìkan á mọ̀ pé ètò ń falẹ̀, kò sì ní mọ ibi tó ti ń falẹ̀.

Díìsìkì ni àkọ́kọ́. Orí sáfà fúnra rẹ̀ ni a ó ti wọ̀n ọ́n, láìsí nẹ́tíwọ̀kì láàrin. Fio ni irinṣẹ́ tó yẹ jù, nítorí ó lè ṣe àfarawé iṣẹ́ tí áàpù gan-an ń ṣe: ẹrù kékeré tàbí ńlá, pẹ̀lú fsync tàbí láìsí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn dd nítorí ó rọrùn, àmọ́ ẹ̀tàn méjì wà nínú rẹ̀. Bí a kò bá fi conv=fdatasync kún un, mẹ́mórì ni ó ń wọ̀n, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí a bá sì ń fi /dev/zero bọ́ ọ, ètò fáìlì tó ń fún dátà pọ̀, irú ZFS tí a tan ìfúnpọ̀ sí, á fún òdo wọ̀nyẹn títí wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, èsì á sì dùn ún gbọ́ láìjẹ́ òótọ́.

Nẹ́tíwọ̀kì ló tẹ̀lé e. Ping ń sọ bí àlọ àti àbọ̀ ṣe gùn tó. Nínú ilé kan náà, ó yẹ kó dín ní mílísẹ́kọ́ńdì kan. Iperf3 ń sọ iye tí okùn lè gbé. Ó yẹ kí a wọ̀n ọ́n láti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà lọ sí ọ̀dọ̀ sáfà, kí a sì tún wọ̀n ọ́n padà, nítorí ọ̀nà kan lè dára kí èkejì bàjẹ́. Láàrin sáfà sí sáfà náà kò gbọ́dọ̀ yọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni a ó wọn ètò alájọpín fúnra rẹ̀. Lórí NFS, nfsiostat ń gbé nọ́ńbà méjì kalẹ̀ tí ó tó láti pín ọ̀ràn sí méjì. Àkọ́kọ́, avg RTT, ni àkókò tó kọjá láti ìgbà tí ìbéèrè ti jáde títí ìdáhùn fi dé. Èkejì, avg exe, ka ìdúró tó ṣẹlẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà tó ń béèrè mọ́ ọn. Bí àkọ́kọ́ bá ga, nẹ́tíwọ̀kì tàbí sáfà ni kí a yẹ̀ wò. Bí àkọ́kọ́ bá kéré tí èkejì sì ga, inú kọ̀ǹpútà oníbàárà ni èrò ti tò sí. Lórí GlusterFS, àṣẹ volume profile ń sọ iye àkókò tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbà lórí sáfà kọ̀ọ̀kan. Lórí Ceph, ceph osd perf ń fi ẹni tó ń fà sẹ́yìn hàn lójú kan. Iostat -x tí a ṣí sílẹ̀ lórí gbogbo sáfà nígbà tí kíkọ ń lọ lọ́wọ́ á tún fi hàn bí díìsìkì kan ṣoṣo bá wà tó ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tí àwọn yòókù ń sinmi.

Àwọn àrùn tó wọ́pọ̀

Ohun tí ìwọ̀n bá fi hàn sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan nínú nǹkan díẹ̀. Lórí nẹ́tíwọ̀kì, okùn tí orí rẹ̀ ti bàjẹ́ lè mú kí káàdì àti switch fohùn ṣọ̀kan lórí 100 mẹ́gábíìtì dípò 1 gígábíìtì. Àmì rẹ̀ dájú: kíkọ kò ní kọjá mẹ́gábáìtì 12 láéláé, irinṣẹ́ ethtool á sì fi hàn lójú ẹsẹ̀. Pákẹ́ẹ̀tì tó ń sọnù burú jù bí ó ti rí lójú lọ, nítorí bí ó bá di pé Linux ní láti dúró de aago kó tó tún pákẹ́ẹ̀tì fi ránṣẹ́, mílísẹ́kọ́ńdì 200 ni ó kéré jù. Ìdúró kan bẹ́ẹ̀ ti jẹ àyè igba kíkọ lórí ọ̀nà tí àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì kan.

Èyí tó ń tan ènìyàn jẹ jù ni àìdọ́gba MTU, ìyẹn bí pákẹ́ẹ̀tì kan ṣe lè tóbi tó. Pákẹ́ẹ̀tì tó wọ́pọ̀ kò ju báìtì 1,500 lọ, ṣùgbọ́n àwọn olùtọ́jú sáfà a máa sọ ọ́ di 9,000 kí ẹrù lè tóbi. Bí switch kan láàrin ọ̀nà bá ṣì wà lórí 1,500, ping á kọjá, fódà á ṣí, fáìlì kéékèèké á wọlé. Ẹrù ńlá nìkan ni kò ní dé. Ping tí a fi -M do -s 8972 kún á tú àṣírí rẹ̀, nítorí báìtì 28 ìyókù ni ti àkọlé pákẹ́ẹ̀tì.

Lọ́dọ̀ díìsìkì, káàdì RAID, èyí tó ń so díìsìkì púpọ̀ pọ̀, bí ó bá ní bátìrì, máa ń gba dátà sínú mẹ́mórì tirẹ̀ kó sì dáhùn kíákíá, nítorí bátìrì á dá ààbò bò ó bí iná bá lọ. Lọ́jọ́ tí bátìrì náà bá kú, ọ̀pọ̀ irú káàdì bẹ́ẹ̀ á fúnra wọn yí padà sí dídúró de díìsìkì. Ètò tó yá lánàá á wá falẹ̀ lónìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan. RAID 5 náà ní owó tirẹ̀: kíkọ kékeré kan ń di iṣẹ́ mẹ́rin, ìyẹn kíka dátà àtijọ́, kíka àmì ìṣirò rẹ̀, kíkọ dátà tuntun, kíkọ àmì tuntun. Lórí RAID 6, ó di mẹ́fà. SSD, díìsìkì tí kì í yípo, tí a ṣe fún kọ̀ǹpútà ilé ń yára títí àyè ìgbà díẹ̀ inú rẹ̀ yóò fi kún, lẹ́yìn náà á rọ̀. Èyí tí a ṣe fún sáfà ní kapásítọ̀ tó ń tọ́jú iná díẹ̀, nítorí náà ó lè dáhùn fsync kíákíá láìparọ́. Ètò fáìlì tí kì í kọ tuntun lé ògbólógbòó lórí, irú ZFS, á sì máa falẹ̀ sí i bí àyè bá ti fẹ́ kún tán, torí wíwá ojú òfìfo ti di iṣẹ́.

Fáìlì wẹ́wẹ́

Ẹ̀ka kan wà tó yẹ kó ní orí tirẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀sùn pọ̀ sí jù. Fáìlì kan tó tó mẹ́gábáìtì 100 á kọjá lórí okùn 1 gígábíìtì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fáìlì 10,000 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 10 kìlóbáìtì tó mẹ́gábáìtì 100 bákan náà, ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ó béèrè bóyá orúkọ rẹ̀ ti wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ó dá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ó kọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ó tì pa kí ó sì dé díìsìkì. Bí gbogbo èyí bá gba mílísẹ́kọ́ńdì 10 péré fún fáìlì kan, ìṣẹ́jú-àáyá 100 ni gbogbo rẹ̀ á gbà. Dátà kan náà, ọ̀nà kan náà, ìlọ́po ọgọ́rùn-ún àkókò.

Kò sí okùn tàbí díìsìkì tó lè wo èyí sàn tán. Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ ni kí a so àwọn fáìlì wẹ́wẹ́ pọ̀ sínú ìdì kan pẹ̀lú tar kí a tó fi ránṣẹ́, tàbí kí a ní ọ̀pọ̀ ọwọ́ tó ń kọ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bíi kíkó kóòdù pọ̀ sójú kan, máa wáyé lórí díìsìkì abẹ́lé kí a sì gbé èsì rẹ̀ nìkan lọ sórí ètò alájọpín. Dátábéèsì tó ń pa fsync lẹ́yìn ìdúnàádúrà kọ̀ọ̀kan náà wà lára àwọn tó yẹ kí a ronú dáadáa kí a tó gbé wọn síbẹ̀.

Ìwòsàn àti ewu rẹ̀

Àwọn Yorùbá ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìwòsàn kan wà tó yá jù, òun náà ló sì léwu jù. Lórí sáfà NFS, bí a bá kọ async sínú fáìlì exports, sáfà á máa dáhùn pé dátà ti wà ní ibi ààbò nígbà tó ṣì wà nínú mẹ́mórì. Kíkọ á yá lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, dátà tí kọ̀ǹpútà ti gbàgbọ́ pé ó wọlé á ti lọ, kò sì sí àmì kankan tí yóò sọ fún un pé kó tún un fi ránṣẹ́. Àwọn tó ń ṣe NFS fún Linux mọ èyí. Láti ẹ̀yà tó tẹ̀lé 1.0.0 nfs-utils ni wọ́n ti sọ sync di ohun tí sáfà ń lò bí a kò bá sọ nǹkan mìíràn. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ láìsí ìkìlọ̀, ewu yìí kì í ṣe àlá. Async yẹ fún dátà tí a lè tún ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò yẹ fún àkọsílẹ̀ owó, fún ìwé aláìsàn, tàbí fún èsì ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́. Ewu kan náà ló wà nínú kí a fi ipá mú káàdì RAID tí bátìrì rẹ̀ ti kú láti máa dáhùn kíákíá, tàbí kí a dín ẹ̀dà mẹ́ta kù sí ọ̀kan nítorí ìyára.

Àwọn ìwòsàn tí kò fọwọ́ kan ìlérí ló yẹ kó ṣáájú. Kí a tún okùn àti MTU ṣe. Kí a pààrọ̀ bátìrì. Kí a yọ díìsìkì tó ń fa gbogbo àwọn yòókù sẹ́yìn. Kí ẹrù tóbi, kí ọ̀nà pọ̀, kí fáìlì wẹ́wẹ́ di ìdì. Kí àkọsílẹ̀ ètò fáìlì bọ́ sórí SSD tó ní kapásítọ̀, níbi tí fsync yóò ti rí ibi ààbò tòótọ́ tó súnmọ́ tòsí. Kí a ya nẹ́tíwọ̀kì àwọn sáfà sọ́tọ̀. Bí gbogbo èyí bá parí tí ìyára kò sì tó, ìgbà yẹn ni ó tó àkókò láti jókòó pẹ̀lú àwọn tó ni dátà náà, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ìlérí tí wọ́n lè yọ̀ǹda.

Ohun kan ṣoṣo ni kí a máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí a sì fi ìwọ̀n kan náà tí a kọ́kọ́ lò tún un wọ̀n, ní àkókò tí iṣẹ́ pọ̀ bákan náà. Bí a bá yí nǹkan márùn-ún padà lọ́jọ́ kan tí ètò sì yá, kò sẹ́ni tí yóò mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn, tàbí èyí tó ti ba ààbò jẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́. Kí a kọ nọ́ńbà àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti ohun tí a ṣe. Lọ́jọ́ tí kíkọ bá tún falẹ̀, ìwé yẹn ni yóò kọ́kọ́ fi hàn bóyá ibi àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ ti ń dúró, tàbí ibi tuntun.